Ẹlẹ́rìí Gúnrégé

Ó rẹ Gúnrégé. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn lé lórí tó sì ń lọ o. Irú èyí tó jẹ́ pé bó o bá lajú láàárọ̀, òun á ti jí ṣáájú rẹ, á ti jókòó dè ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wà lórí àga onígi lẹ́bàá fèrèsé, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa nínú yàrá wọn, ó ń fi àtàǹpàkò ti ojú fóònù sókè. Iṣẹ́ kan á kọjá, òmíràn á yọ. "A ń wá awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù." Kò mọ ọkọ̀ wà. "A ń wá ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ yá gágá." Ọ̀dọ́ kẹ̀! Ó pòṣé, ó tún tì í sókè.

Gúnrégé kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ló fún un. Bó bá ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, igun á bá igun mu, etí á bá etí dọ́gba, ẹ ẹ́ rò pé ẹ̀rọ ló gé e. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa bú u pé òun ló ń jẹ́ kí ọ̀gá rí àléébù tiwọn. Ibẹ̀ ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, nínú ooru àti ọ̀rinrin, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ń funfun bí ẹni tó sùn sínú omi. Ìgbà tó yá, olówó òtẹ́ẹ̀lì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́, wọ́n bá fi ẹ̀wọ̀n ti géètì. Ìjà tí kò kan Gúnrégé, tí kò mọ orí tí kò mọ ìdí rẹ̀, ló gbé iṣẹ́ lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó kọ́kọ́ ń fẹsẹ̀ wáṣẹ́. Ó dé ilé ìfọṣọ, ó dé iléèwé táwọn ọmọ ń sùn, ó dé ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ òṣìṣẹ́. Gbogbo ibi tó dé ni wọ́n ti ń sọ fún un pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì làwọn ti ń gba èèyàn báyìí, kó lọ wò ó níbẹ̀. Ó bá lọ wò ó níbẹ̀. Yéè! Àṣé gbogbo ayé ló ń wá òṣìṣẹ́, tá ò mọ̀! Iṣẹ́ tí wọn ò ní bi ọ́ léèrè ohun tó o mọ̀, owó oṣù tó tó ti mínísítà, àdírẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ pé bó o bá débẹ̀, pápá ni wàá bá. Wọ́n tàn án títí tó fi ń fura sí òjìji ara rẹ̀.

Eyínmẹ́nugún ló gbà á sílẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin nìyẹn, òun ló ń tún fóònù ṣe ní ìsọ̀ kótópó kan lẹ́yìn ilé. Gúnrégé ló sọ ọ́ ní Eyínmẹ́nugún lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ, torí ẹ̀rín rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ gbọ́ mi dáadáa o," Eyínmẹ́nugún wí, ó ń fi búrọ́ṣì kékeré nu inú fóònù ẹlòmíràn. "Iṣẹ́ tó bá ń gbowó lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe."

Òun ló fi ìkànnì kan tó ń jẹ́ Ojúlówó hàn án. Àwọn tó ni Ojúlówó a máa lọ fojú ara wọn rí ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ jáde, bóyá iṣẹ́ ni o, bóyá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ ni. Èyí tí wọ́n bá ti yẹ̀ wò, wọ́n á fi àmì aláwọ̀ ewé kan sí i lára. Wọn kì í gba owó. Bó o bá bèèrè iṣẹ́, wàá kọ́kọ́ kọ ohun tó o mọ̀ ọ́n ṣe sílẹ̀. Bó bá tẹ́ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn, wọ́n á pè ọ́. Bí ìyẹn náà bá dáa, wọ́n á wá pe ẹlẹ́rìí rẹ, ìyẹn ẹnì kan tẹ́ ẹ ti jọ ṣiṣẹ́ rí, kó sọ irú òṣìṣẹ́ tó o jẹ́. Ó tán.

"Ta ni ká fi ṣe ẹlẹ́rìí?" Eyínmẹ́nugún bi í.

"Ta ló tún kù? Ẹ̀gbọ́n ni."

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá Gúnrégé. Ọ̀gá rẹ̀ ni ní yàrá ìfọṣọ. Òun ló fà á lọ́wọ́ wọlé nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge tí kò mọ ọṣẹ yàtọ̀ sí ọṣẹ, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ mọ ooru áyọ́ọ̀nù. Orúnkún ló lé Ẹ̀gbọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní tiẹ̀, kí òtẹ́ẹ̀lì tó kú rárá. Obìnrin náà fẹ́ràn Gúnrégé dójú ikú. Bí Gúnrégé bá sín, Ẹ̀gbọ́n á ti wá oògùn.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá, Gúnrégé kọ́kọ́ ń bẹ̀rù Ojúlówó náà. Ṣùgbọ́n wọ́n pè é lóòótọ́. Iléèwé kan pè é, èèyàn gidi ló sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ wu àwọn, ó ku kí àwọn gbọ́ tẹnu ẹlẹ́rìí. Gúnrégé jó yí yàrá po. Lọ́jọ́ kejì, ìwé dé sórí fóònù: "A dúpẹ́ pé ẹ bá wa dé ibi tá a dé yìí. A ti yan ẹlòmíràn." Ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n lé ọ, wọ́n tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ!

Ó ní kò burú, ó tún bèèrè òmíràn. Òtẹ́ẹ̀lì mìíràn pè é. Wọ́n yìn ín. Ó ku ẹlẹ́rìí. "A dúpẹ́ pé ẹ bá wa dé ibi tá a dé yìí." Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó pè é. Ó ku ẹlẹ́rìí. "A dúpẹ́." Ilé-iṣẹ́ tó ń fọ aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú pè é. "A dúpẹ́." Ó wá di pé bó bá rí ọ̀rọ̀ náà "a dúpẹ́" níbikíbi, á gbé ojú kúrò níbẹ̀.

"Ìyàwó wa," Eyínmẹ́nugún wí lọ́jọ́ kan, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "ṣé ẹ ò rò pé ká pààrọ̀ ẹlẹ́rìí yìí? Nítorí ibi kan náà ló ń já sí ní gbogbo ìgbà."

Ojú Gúnrégé le. "Kí n pààrọ̀ Ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ràn mi ju bí mo ṣe fẹ́ràn ara mi lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gbọ́ irú ẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn ọ̀hún ti ní ẹni tí wọ́n fẹ́ mú tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n kàn ń fi wá ṣeré."

Eyínmẹ́nugún bá tọrọ àforíjì. Kò sọ ọ́ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n náà kò dákẹ́ ní tiẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Gúnrégé bá gbé ojú fífàro rẹ̀ lọ síbẹ̀, ohun tí yóò sọ ni pé, "Mo bá ọ sọ̀rọ̀ dáadáa fún wọn o. Ohun tó yẹ kí àgbà ṣe, mo ṣe é." Lẹ́yìn náà á gbá a lọ́wọ́ mú, á di ojú, á bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àdúrà Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe kékeré. "Ẹni tó dúró sójú ọ̀nà ọmọ yìí, tí kò jẹ́ kó rí ṣe, Olúwa, dá a dúró bó ṣe dá a dúró! Bó bá ń rìn, kó máa ta gìrì! Ara ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wà, Olúwa, hú kòkòrò náà síta!" Gúnrégé á máa ṣe àmín kíkankíkan. Ó ti wo gbogbo àwọn tó mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti fura sí obìnrin tó wà ní yàrá òdìkejì, ó ti fura sí àbúrò ìyá rẹ̀ kan tí kò ṣe nǹkan kan ju pé ojú rẹ̀ korò lọ. Àárẹ̀ náà ló ń gbin irú èrò bẹ́ẹ̀ síni lọ́kàn.

Èyí tó wá yọ láàárọ̀ ọjọ́ tá a bá a lẹ́bàá fèrèsé yìí, tí ọwọ́ rẹ̀ fi dúró níbi tó ti ń ti fóònù sókè, ti ọsibítù ńlá ni. Àmì aláwọ̀ ewé wà lára rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ fọ aṣọ àwọn aláìsàn, wọ́n á fún wọn ní oúnjẹ nígbà ẹ̀kọ́, ẹni tó bá sì parí rẹ̀, iṣẹ́ ti délẹ̀ fún un. Ẹni tí kò bá tíì pé àádọ́ta ọdún nìkan ni wọ́n ń mú. Ọdọọdún ni wọ́n ń gba èèyàn, ìyẹn ni pé bí tọdún yìí bá fo Gúnrégé, ó ti parí. Àádọ́ta ń bọ̀ wá bá a kí ọdún tó yípo. Àwọn ibi yòókù náà ti ń sọ bákan náà: ọ̀dọ́, ọ̀dọ́, ọ̀dọ́. Ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé èyí ni ilẹ̀kùn tó kù, ìyókù ògiri ni.

Ó kọ ohun tó mọ̀. Wọ́n pè é láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Obìnrin kan ni, ohùn rẹ̀ dá ṣáká.

"Bí aṣọ bá ní ẹ̀jẹ̀, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe sí i, Mà?"

"Omi tútù ni. Bí ẹ bá fi omi gbígbóná kàn án, ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ti di ẹbí aṣọ nìyẹn, kò ní kúrò mọ́."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tó ń parí, ó ní, "Mà, kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn sí yín. Ó ku ẹlẹ́rìí yín nìkan."

Lọ́jọ́ kejì ló tún pè, ohùn rẹ̀ ń kánjú. "Fóònù ẹlẹ́rìí yín ò wọlé o. Òní la máa ti orúkọ pa. Bí a ò bá rí wọn bá sọ̀rọ̀, a máa fo yín."

Áà! Gúnrégé mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Fóònù Ẹ̀gbọ́n ti kú láìjẹ́ pé ó mọ̀, bó ṣe máa ń ṣe é. Ó sọ pé kí wọ́n gbìyànjú sí i láìpẹ́, ó fi aṣọ kékeré kan wé orí, ó mú okùn tó fi ń gbaná sí fóònù, ó sì jáde. Ó rìn gba ẹ̀yìn àwọn ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ irin, ó gòkè àtẹ̀gùn tí ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ ti kán, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ nígbà tó kan ilẹ̀kùn.

Ó bá Ẹ̀gbọ́n tó ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì sórí okùn nínú pálọ̀, torí òjò ń ṣú. Fóònù wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó dákẹ́ bí òkúta.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Fóònù yín ti kú!"

"Ó kú kẹ̀? Mo ní kí ló dé tí ilé tòrò báyìí!"

Wọ́n so ó mọ́ iná. Bí wọ́n ṣe ń retí kó jí, Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n jọ ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan tó ti gbẹ. Wọ́n dúró lójú kan lójú kejì bí ìgbà àtijọ́, wọ́n nà án, wọ́n pàdé láàárín, wọ́n tún nà án. Ejìká ọ̀tún Gúnrégé ta á díẹ̀, bó ṣe máa ń ta á bí òjò bá ń ṣú, ó sì dijú. Ẹ̀gbọ́n rí i. Ojú obìnrin náà kò fo nǹkan kan tó bá ti kan Gúnrégé.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ìyà ti jẹ ọ́ tó."

Fóònù dún.

Etí Ẹ̀gbọ́n ti wúwo díẹ̀, sípíkà ló máa ń tẹ̀ kó lè gbọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn tó dá ṣáká nì kún inú pálọ̀. "Ẹ káàsán o, Mà. Láti ọsibítù ni, lórí iṣẹ́ tá a gbé sí Ojúlówó. Ẹ̀yin lẹlẹ́rìí..."

Kó tó parí gbólóhùn náà, Ẹ̀gbọ́n ti ń wálẹ̀. Ó di apá àga mú, ó kọ́kọ́ fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó ké "yéè" díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀mí, ó fi èkejì tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ fún fóònù. Ó gbé e dání lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọba.

"Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ o, ọmọ mi," ó ní. "Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí."

"Ẹ-ẹn... Ẹ ṣé, Mà. Ṣé ẹ mọ ìyá yìí dáadáa? Ṣé ó mọṣẹ́?"

"Iṣẹ́ kẹ̀? Ọmọ mi, ẹ má wo ti iṣẹ́. Ẹ wo ti àánú. Ẹ ṣàánú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ náà ti jìyà. Láti ìgbà tí òtẹ́ẹ̀lì ti kú, kò gbádùn. Kì í rí oorun sùn. Ẹkún ló máa ń sun."

Gúnrégé dúró pẹ̀lú etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé ibẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni, pé àgbà ń palẹ̀mọ́ lásán ni.

"Ó ga o," ni ohùn náà wí. "Ṣé ó lè gbé aṣọ tútù? Iṣẹ́ yìí lágbára díẹ̀."

"Ẹ bá mi wá èyí tó fúyẹ́ fún un níbẹ̀. Ejìká ń dùn ún. Ní ìsinsìnyí tí mo ń bá ọ sọ̀rọ̀, ó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run á ràn án lọ́wọ́."

"Ṣé ó máa ń tètè dé ibi iṣẹ́, Mà?"

Gúnrégé ò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí nínú ayé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mọ̀. Òun gan-an ló máa ń bá Gúnrégé lẹ́nu géètì láàárọ̀.

"Bó bá ṣẹ̀ yín," Ẹ̀gbọ́n wí, omijé ti gba ojú rẹ̀, "ẹ forí jì í nítorí tèmi. Ẹ má wò ó láìdáa. Bí ọmọ yín ni kẹ́ ẹ ṣe mú un. Mo bẹ̀ yín, mo fi orí àwọn ọmọ mi bẹ̀ yín."

Gúnrégé la ẹnu. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ó dé ọ̀nà ọ̀fun: ẹ sọ fún wọn pé mo mọṣẹ́! Ṣùgbọ́n àgbà wà lórí ìkúnlẹ̀ nítorí rẹ̀, lórí orúnkún tí kò ṣeé kúnlẹ̀ lé. Ta ló bí ẹni tó máa dúró gangan lókè orí irú èèyàn bẹ́ẹ̀, kó máa kọ́ ọ bó ṣe máa bẹ̀bẹ̀? Òun náà wálẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n bá ń wo fóònù náà ní àwọn méjèèjì.

"Ó dáa, Mà." Ẹ̀rín ti kúrò nínú ohùn obìnrin náà. Àánú ló kù níbẹ̀. "A ti gbọ́. A máa fèsì ráńṣẹ́ kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, Mà."

Ìpè náà parí. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́, Gúnrégé sì fà á dìde, ejìká rẹ̀ ń pariwo, ó gbé fóònù náà padà sórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó ń fi etí aṣọ nu ojú, inú rẹ̀ dùn gan-an.

"O gbọ́ bí mo ṣe bẹ̀ wọ́n? Bí mo ṣe máa ń bẹ̀ wọ́n nìyẹn. Gbogbo wọn pátá. Mi ò tíì jókòó gba ìpè wọn rí lórí ọ̀rọ̀ rẹ."

"Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun."

Gbogbo wọn pátá. Iléèwé, òtẹ́ẹ̀lì, ilé àwọn arúgbó. Gúnrégé jókòó, ó ń ká aṣọ tí wọ́n ti ká tán. Ó rántí bó ṣe jágbe mọ́ Eyínmẹ́nugún. Ó ronú pé kó pe nọ́ńbà náà padà, ó gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó tẹ̀ ẹ́: wọ́n ní nọ́ńbà yìí kì í gba ìpè. Inú bí i, kò mọ ẹni tí ìbínú náà ń lọ bá. Ó bí i sí ara rẹ̀. Ó bí i sí obìnrin rere tó jókòó níwájú rẹ̀, ojú sì tì í pé ó bí i. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n po tíì fún un, ó da súgà púpọ̀ sí i, ó ní kí ó mu ún kí ara rẹ̀ lè móoru. Ó mu ún.

Kò tíì mu ún tán tí fóònù rẹ̀ fi gbọ̀n lórí itan rẹ̀. Kò kà á dé òpin. Ó rí "A dúpẹ́", ó sì yí fóònù náà dojú bolẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rí ojú rẹ̀. "Rárá o! Ọlọ́run má jẹ́! Wọ́n tún ti ṣe é?"

Gúnrégé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìbínú gbé obìnrin náà dìde láìrántí orúnkún. Ó gbá Gúnrégé lọ́wọ́ mú, ó dijú, ohùn rẹ̀ gba ilé kan. "Olúwa, ó tó gẹ́ẹ́! Ẹnikẹ́ni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin, ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kọ ọmọ yìí sílẹ̀! Orúnkún tó fi ń rìn, Olúwa, kí orúnkún náà..."

Gúnrégé fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Kò mọ ìgbà tó ṣe é. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í fi ọwọ́ bo àgbà lẹ́nu.

"Ẹ má parí ẹ̀," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má parí ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n lajú. Ó wo Gúnrégé lókè ọwọ́ náà, pẹ̀lú ìyàlẹ́nu, bóyá pẹ̀lú ìbínú díẹ̀. Ojú rẹ̀ wá kúrò lára Gúnrégé. Ó lọ sí ibi tí fóònù wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó tún wá sí orí ilẹ̀ ibi tí àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ sí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Gúnrégé gbé ọwọ́ kúrò.

"Èmi ni?" Ẹ̀gbọ́n bi í, ohùn rẹ̀ kéré.

Gúnrégé fi í jókòó sórí àga, òun náà jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì ra á ní orúnkún.